Kí A Má Ṣe Dúró De Ìrora: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú Lórí Fífọ Eyín Lọ́dọ̀ Oníṣègùn

 

Àwọn àgbà ní ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ẹni tí ó kúrò ní ilé wá ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, nítorí ara rẹ̀ ni ó fi ń ṣòwò, ara náà ni ó sì fi ń gbọ́ bùkátà. Ẹnu wà lára ara, ṣùgbọ́n òun ni a máa ń rántí kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa kì í dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín àfi ìgbà tí eyín bá ń dùn wá débi pé a kò lè sùn. Bí a bá sì dé ibẹ̀, ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí wọ́n yọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni eyín ṣe ń dín lẹ́nu wa lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a ń rò pé ọjọ́ ogbó ni ó fà á. Ọjọ́ ogbó kọ́. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó tó bílíọ̀nù 3.5 ènìyàn káàkiri ayé tí àrùn ẹnu ń bá jà, ó sì fi kún un pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn àrùn náà ni a lè dènà.

Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé Yorùbá kò mọ ìtọ́jú ẹnu. Kí búrọ́ọ̀ṣì tó dé ni a ti ń run orín, ara ẹ̀kọ́ ilé sì ni pé kí ọmọ fọ ẹnu rẹ̀ kí ó tó lọ kí àwọn òbí rẹ̀ ní òwúrọ̀. Orín àtà wà, orín ìdí wà, igi orógbó náà kò gbẹ́yìn. Ní ọdún 1971, Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti àwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ ìwádìí jáde nípa agbára tí oje inú orín wa ní láti kojú kòkòrò àìfojúrí. Nítorí náà, ẹni tí ó ń run orín, kí ó máa run ún. Ẹni tí ó ń lo búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ìfọyín tí ó ní fluoride, kí ó máa lò ó ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí méjèèjì kò lè ṣe.

Èérí rírọ̀ kan máa ń lẹ̀ mọ́ ara eyín lójoojúmọ́, kòkòrò àìfojúrí ni ó sì kún inú rẹ̀. Bí a bá jẹ ohun dídùn, àwọn kòkòrò yìí a sọ ṣúgà inú rẹ̀ di omi kíkan tí í dá ihò sí eyín lára. Orín tàbí búrọ́ọ̀ṣì lè gbá èérí rírọ̀ kúrò. Níbi tí ọwọ́ wa kò bá dé dáadáa, pàápàá ẹ̀yìn eyín iwájú ti ìsàlẹ̀, èérí náà yóò jókòó. Àwọn èròjà inú itọ́ yóò wọ inú rẹ̀, láàrin ọjọ́ mélòó kan yóò sì gan bí símẹ́ǹtì tí omi kàn. Láti ìgbà náà lọ, kò sí orín, kò sí búrọ́ọ̀ṣì, kò sí ọṣẹ tí ó lè ṣí i kúrò.

Orí èérí líle yìí ni èérí tuntun yóò máa gùn, tí ẹran ìdí eyín yóò fi wú, tí ẹ̀jẹ̀ yóò máa yọ nígbà tí a bá ń fọ ẹnu. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bá rí ẹ̀jẹ̀, wọn a dẹwọ́ nínú fífọ eyín. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Àmì ni ẹ̀jẹ̀ náà jẹ́ pé ó tó àkókò láti lọ rí oníṣègùn. Ní ìpele yìí, àtúnṣe ṣì wà, ẹran ìdí eyín lè padà bọ̀ sípò. Bí a bá fi í sílẹ̀, àrùn yóò wọ egungun tí ó di eyín mú, yóò sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Egungun tí ó bá ti jẹ tán kì í sáábà padà. Gbogbo èyí lè ṣẹlẹ̀ láìsí ìrora kankan. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó ń dúró de ìrora fi máa ń pẹ́ dé. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Kí ni oníṣègùn yóò ṣe? Yóò kọ́kọ́ yẹ ẹnu wò, yóò sì wọn bí ẹran ìdí eyín ṣe jìn tó. Lẹ́yìn náà ni yóò fi irin kékeré, tàbí ẹ̀rọ kan tí ó ń gbọ̀n kíákíá tí omi ń tú lẹ́nu rẹ̀, há èérí líle náà kúrò lára eyín àti lábẹ́ ẹran rẹ̀. Ní ìparí, yóò dán eyín náà. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé fífọ yìí máa ń mú kí eyín mì. Bí eyín bá mì lẹ́yìn fífọ, àrùn ni ó ti mì í tẹ́lẹ̀. Èérí líle ni ó kàn di wọ́n pọ̀ bí ògiri tí igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbé dúró. Òmíràn ń ṣàròyé pé omi tútù ń ta òun léyín lẹ́yìn náà. Ìyẹn lè ṣẹlẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, yóò sì kọjá.

Ìgbà mélòó ni ó yẹ kí a lọ? A máa ń gbọ́ pé oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kan kò bá gbogbo ènìyàn mu. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìtọ́sọ́nà tí àjọ NICE gbé jáde ní ọdún 2004 fi í sí ọwọ́ oníṣègùn láti yan àkókò àyẹ̀wò fún àgbàlagbà, láti oṣù 3 títí dé oṣù 24, gẹ́gẹ́ bí ẹnu olúkúlùkù bá ṣe rí. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ ní láti lọ déédéé, nítorí àtọ̀gbẹ ń ran àrùn ìdí eyín lọ́wọ́, àrùn ìdí eyín náà sì ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ṣòro láti káwọ́. Aláboyún àti ẹni tí ń mu sìgá wà lára àwọn tí kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí falẹ̀. Ẹni tí ó ní àrùn ọkàn, tàbí tí ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí ó sọ fún oníṣègùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ra fún àwọn tí ń fọ eyín lójú ọ̀nà àti nínú ọjà. Irin tí a lò fún ẹnìkan tí a kò sè nínú ẹ̀rọ ìpakòkòrò lè gbé àrùn mẹ́dọ̀wú tàbí kòkòrò éèdì fún ẹlòmíràn, ekan tí wọ́n sì fi ń mú eyín funfun máa ń jẹ ara eyín fúnra rẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè bóyá ẹni tí ó fẹ́ fọwọ́ kan yín ní ìwé àṣẹ. Ìgbìmọ̀ tí a mọ̀ sí MDCN ni ó ń forúkọ àwọn dókítà eyín sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn olùtọ́jú eyín tí kì í ṣe dókítà náà ní ìgbìmọ̀ tiwọn tí òfin gbé kalẹ̀. Kò jìnnà sí wa láti lọ béèrè ní Central Hospital ti ìjọba ní Warri. Ẹni tí ó bá sì wà nínú ètò adójútòfò ìlera Ìpínlẹ̀ Delta, kí ó béèrè ohun tí ètò náà san fún nípa eyín kí ó tó mú owó jáde lápò.

Níhìn-ín ni iṣẹ́ ẹgbẹ́ wà, nítorí àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ní ọdún 1989, orílẹ̀-èdè Japan bẹ̀rẹ̀ ìpolongo kan tí wọ́n pè ní 8020: kí ẹni ọgọ́rin ọdún ṣì ní ogún eyín tirẹ̀ lẹ́nu. Nígbà náà, àwọn tí ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ kò tó ẹnìkan nínú mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n tún ṣe àyẹ̀wò ní ọdún 2016, wọ́n ti lé ní ìdajì. Ẹ̀jẹ̀ wọn kò yàtọ̀ sí tiwa. Wọ́n pinnu, wọ́n sì tẹpẹlẹ mọ́ ọn.

Àwa náà lè pinnu. Ogúnjọ́ oṣù Kẹta ọdọọdún ni Ọjọ́ Ìlera Ẹnu Àgbáyé. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ya ìpàdé tí ó bá súnmọ́ ọn jù lọ sọ́tọ̀ láti pe olùtọ́jú eyín tí ó ní ìwé àṣẹ wá yẹ ẹnu àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wò, kí wọ́n sì pe àwọn aládùúgbò Urhobo àti Itsekiri mọ́ ọn, nítorí ìlera kò mọ ẹ̀yà. Kí akọ̀wé kọ orúkọ àwọn tí wọ́n ní kí ó padà lọ fọ eyín, kí ó sì máa rán wọn létí. Bí àpò ìrànlọ́wọ́ bá wà, kí a fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ran ẹni tí kò ní lọ́wọ́. Owó tí a ń dá fún òkú àti fún ìnáwó kò ní dín iyì rẹ̀ bí a bá yọ díẹ̀ fún alààyè nínú rẹ̀.

Kí olúkúlùkù wa fi ahọ́n wá ẹ̀yìn eyín iwájú rẹ̀ ti ìsàlẹ̀ lálẹ́ òní. Bí ó bá rí i pé ó rí gbágungbàgun bí òkúta, kí ó má ṣe dúró de ìrora. Kí Ọlọ́run fún wa ní ọjọ́ ogbó pẹ̀lú eyín tí a óò fi jẹun nínú rẹ̀.