Soto Fi Yankees Sílẹ̀

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, Juan Soto, ìlúmọ̀ọ́ká nínú béèsìbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, fi ẹgbẹ́ Yankees sílẹ̀ lẹ́yìn sáà kan ṣoṣo. Mets, tí wọ́n jọ wà ní New York, ló gbà á: àdéhùn ọdún 15, mílíọ̀nù dọ́là 765.

Yankees kò káwọ́ lẹ́rán. Wọ́n fi mílíọ̀nù dọ́là 218 gba Max Fried tó ń ju bọ́ọ̀lù. Wọ́n tún mú Cody Bellinger àti Paul Goldschmidt wọlé. Dípò kí wọ́n gbójú lé ẹnì kan, wọ́n pín ẹrù náà.

Síbẹ̀, inú ń bí àwọn alátìlẹ́yìn. Nígbà tí Soto padà wá gbá bọ́ọ̀lù ní pápá Yankees ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, wọ́n hó lé e lórí, àwọn kan sì kẹ̀yìn sí i. Ìfẹ́ wọn sí i ló mú kí ìlọ rẹ̀ dùn wọ́n tó bẹ́ẹ̀.