Ẹ̀dà Kan Ṣoṣo Kò Tó: Bí A Ṣe Lè Gba Iṣẹ́ Fídíò Tó Bàjẹ́ Padà

 

Ó ṣọ̀wọ́n kí àwa Yorùbá ṣe ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó ní Warri yìí láìgba fídíò rẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe ń tọ́jú fídíò náà? Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ nìyẹn.

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mo gba fídíò ìsìnkú bàbá kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ìyá arúgbó, jókòó ti pósí, ó ń ki àbúrò rẹ̀ ní oríkì ìdílé wọn. Kò sí ẹlòmíràn nínú ẹbí náà tó mọ oríkì yẹn tán. Mo ti wà lórí iṣẹ́ náà fún ọjọ́ mẹ́sàn-án nígbà tí iná lọ lójijì. UPS mi ti bàjẹ́, n kò sì tíì ra òmíràn. Nígbà tí mo tan jẹnẹrétọ̀, kọ̀ǹpútà ní òun kò lè ṣí fáìlì iṣẹ́ náà mọ́. Ara mi gbọ̀n.

Kí ni ó bàjẹ́ gan-an?

Fáìlì iṣẹ́ kì í ṣe fídíò. Ó dà bí ìwé tí télọ̀ kọ ìwọ̀n sí: ibi tí a ó ti gé, ibi tí a ó ti so pọ̀. Ohun tí kámẹ́rà gbà ni aṣọ. Bí ìwé bá ya, a lè tún ìwọ̀n mú. Bí aṣọ bá jóná, kí ni télọ̀ fẹ́ rán?

Ohun tí a lè ṣe

1. Má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tún fáìlì tó bàjẹ́ ṣe. Kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Orí ẹ̀dà ni kí o ti gbìyànjú.

2. Adobe Premiere Pro máa ń tọ́jú àwọn ẹ̀dà fúnra rẹ̀ sínú fódà tí orúkọ rẹ̀ parí sí Auto-Save. Ṣí èyí tó kẹ́yìn. Bí kò bá ṣí, ṣí èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí iṣẹ́ mi. Ìwọ̀nba iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ ni mo pàdánù.

3. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, ṣí iṣẹ́ tuntun tó ṣófo, kí o sì kó ti àtijọ́ wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú Import.

4. Bí ó bá jẹ́ fídíò inú káàdì ni ó parẹ́, má ṣe gba ohunkóhun sórí káàdì náà mọ́. Ohun tí a pa rẹ́ lè ṣì wà níbẹ̀ títí ohun tuntun yóò fi bò ó mọ́lẹ̀. PhotoRec, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, lè bá wa wá a; orí dísìkì mìíràn ni kí a kó o sí.

Ṣùgbọ́n ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé mo ti nu káàdì kámẹ́rà fún òde mìíràn. Ohùn ìyá yẹn wà lórí dísìkì kan ṣoṣo.

Ẹ̀kọ́ láti Amẹ́ríkà

Ní 1998, nígbà tí Pixar ń ṣe fíìmù Toy Story 2, ẹnì kan ṣèèṣì tẹ àṣẹ tó pa ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ náà rẹ́. Wọ́n ní ẹ̀dà, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ pé ẹ̀dà náà kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Galyn Susman, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá iṣẹ́ náà, ti bímọ, ó sì ń ti ilé ṣiṣẹ́. Ẹ̀dà tó wà nílé rẹ̀ ni ó gbà wọ́n. Fíìmù náà jáde ní 1999.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ní ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi nǹkan méjì, kí ọ̀kan sì wà ní ilé mìíràn. Ẹni tó bá rí rògbòdìyàn Warri ní 1997, 1999 àti 2003 mọ̀ pé ilé lè jóná. Ẹni tó rí omíyalé 2012 àti 2022 ní ìpínlẹ̀ Delta mọ̀ pé omi náà kì í kan ilẹ̀kùn. Ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ẹbí nílé. Kí ẹ sì máa ṣí àwọn ẹ̀dà náà wò lóòrèkóòrè.

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni kí àwa máa ṣe ẹ̀dà tiwa.