Igi Àjà Tí Kò Níí Tẹ̀

Agboju wà lẹ́bàá Festac Town, ìlú tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ fún àwọn àlejò àjọ̀dún ọdún 1977. Bí káfíńtà kan níbẹ̀ bá fẹ́ gbé igi dábùú iyàrá, kí ni yóò ṣe tí igi náà kò fi ní í tẹ̀ lábẹ́ ẹrù?

Kí ó mú pákó tí ó fẹ̀ ní ínǹṣì 6, tí ó sì nípọn ní ínǹṣì 2. Bí ó bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, gíga rẹ̀ jẹ́ 2: 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2, lọ́nà ìbú 6, jẹ́ 48. Bí ó bá gbé e nàró lórí ẹ̀gbẹ́, gíga rẹ̀ di 6: 6 lọ́nà 6 lọ́nà 6, lọ́nà ìbú 2, jẹ́ 432. Igi kan náà, owó kan náà, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ láti má tẹ̀ ti di ìlọ́po 9! Kí ó kàn án dáadáa kí ó má baà yẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ó ṣọ́ gígùn. Bí àyè àárín ògiri méjèèjì bá di ìlọ́po 2, tí ẹrù kan náà sì wà láàárín igi, títẹ̀ rẹ̀ yóò di ìlọ́po 8. Nítorí náà, kí ó fi òpó sí àárín, tàbí kí ó lo igi tí ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Igi tí ó ń tẹ̀ ń kìlọ̀ ni. Àjà tí ó bá já kì í ya onílé sọ́tọ̀ kúrò lára ayálégbé.