Wákàtí Mélòó Ni Láti New York Dé Ìlú Wa?

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Bí ọjọ́ ìlú wa ti ń bọ̀ yìí, tí ọ̀pọ̀ yín ti ń wá tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, kó má baà ṣẹlẹ̀ sí yín.

Láti New York sí Èkó tó nǹkan bí 8,450 kìlómítà lójú òfurufú. Ọkọ̀ tí kò bá yà síbì kankan máa ń lò tó wákàtí mẹ́wàá àbọ̀ bọ̀ wálé. Tó bá ń padà lọ, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i, torí atẹ́gùn òkè lọ́hùn-ún sábà máa ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn.

Nígbà tí bàbá mi kú lóṣù Kejìlá, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì aago kan ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Mo ro wákàtí mẹ́wàá àbọ̀ mọ́ ọn, mo bá pe ẹ̀gbọ́n mi: "Bọ̀dá, aago mọ́kànlá àbọ̀ alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni n ó balẹ̀." Wọ́n bá fi ìsìnkú sí aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Mo gbàgbé pé nígbà tí aago kan ọ̀sán lù ní New York, aago méje alẹ́ ti lù l'Ékòó! Aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí ọjọ́ Ẹtì la balẹ̀ n'Íkẹjà. Kí n tó gba ẹrù tán, ilẹ̀ ti mọ́. Gósiló tún dá wa dúró lọ́nà. Nígbà tí mo máa fi délé, wọ́n ti sin bàbá.

Bọ̀dá ní, "Àbúrò, a dúró dè ọ́ di aago mọ́kànlá." Ta ni kí n bá wí? Ó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì gbangba, n kò wò ó ni.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, aago ìbalẹ̀ tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, aago ìlú tí ẹ ń lọ ni. Òun ni kí ẹ sọ fún ará ilé. Láti ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá di ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù Kẹta, wákàtí mẹ́fà ni Èkó fi ṣíwájú New York. Láwọn oṣù yòókù, márùn-ún ni.

Ẹ má sì ka ti òfurufú nìkan. Ẹ ka wákàtí mẹ́ta tí ẹ ó fi dúró kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹ ka ti ẹrù, ẹ ka ti ojú títì. Ẹni tó bá gba London, bíi méje dé ibẹ̀, mẹ́fà àbọ̀ dé Èkó, láìka ìdúró àárín méjèèjì. Tí ètò pàtàkì bá wà nílé, ẹ fi ọjọ́ méjì ṣáájú rẹ̀.

Owó tíkẹ́ẹ̀tì ṣeé wá. Ojú bàbá mi tí n kò rí kẹ́yìn, n kò lè rí i mọ́. Olúwa á mú gbogbo wa délé láyọ̀ o.