Sílíńdà Kẹta: Ooru àti Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá ní Ọ̀nà Àgbádárìgì



Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá, ṣùgbọ́n kò kéré lójú ẹni tí ó ti sanwó ẹ́ńjìnnì rí. Ní ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà Àgbádárìgì, lápá Ọ̀jọ́. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ kékeré tí a sọ ní Ìjàpá ti ń jáde. Ibẹ̀ náà ni Igala ti jáde, èyí tí àwọn ará Brazil mọ̀ sí Brasília; òkun kan náà tí ó gbé àwọn ènìyàn wa lọ ni ó gbé àwọn ẹ̀yà rẹ̀ wá. Ìdí ni ẹ́ńjìnnì àwọn méjèèjì wà, wọn kò sì ní rédíétọ̀: afẹ́fẹ́ ni ó ń tù wọ́n.

Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá ní sílíńdà mẹ́rin, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì, gbogbo wọn sì dùbúlẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn mẹkáníìkì ti mọ̀ pé bí ọ̀kan yóò bá kọ́kọ́ bàjẹ́, sílíńdà kẹta ni. Ẹni tí ó bá dúró sí ìdí ọkọ̀ tí ó ṣí ìdérí yóò sọ pé ó wà lẹ́yìn, níbi tí ọwọ́ kì í tètè dé. Ẹni tí ó jókòó nínú ọkọ̀ yóò sọ pé iwájú ni ó wà. Nítorí náà nọ́ńbà rẹ̀ ni n ó máa fi pè é, kí a má bàa jà.

Àwọn kan a máa dá epo lẹ́bi, àwọn mìíràn a máa dá awakọ̀ lẹ́bi. Ní tèmi, ibi tí a fi sílíńdà náà sí ni ó ń bá a jà. Nínú ìkarahun irin tí ń darí afẹ́fẹ́ fáànù ni wọ́n gbé ohun tí ń tu ọ́ìlì sí, lápá òsì, ní ọ̀gangan sílíńdà kẹta. Afẹ́fẹ́ tí ó bá kàn án ti kọ́kọ́ gba ooru lára ọ́ìlì, kò sì tún pọ̀ tó. Ó dà bí ẹni tí a ní kí ó fi omi tí ẹlòmíràn ti wẹ̀ wẹ̀.

Fáàfù tí ń tú èéfín jáde ni ó ń jẹ ìyà rẹ̀. Bí ó bá gbóná jù, ọ̀pá rẹ̀ a máa nà díẹ̀díẹ̀, àlàfo tí ó yẹ kí ó wà láàrin rẹ̀ àti apá tí ń tẹ̀ ẹ́ a sì máa dínkù títí yóò fi tán. Fáàfù kò ní lè pa dé mọ́, iná a máa gba etí rẹ̀ jó jáde. Bí ó bá pẹ́, orí rẹ̀ a já sínú sílíńdà, písítìnì a sì fọ́. Èyí tí ó burú jù ni pé àlàfo tí ó pọ̀ jù ni ó ń dún. Èyí tí ó ń dínkù kì í dún rárá. Awakọ̀ a máa yọ̀ pé ẹ́ńjìnnì òun ti dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Nínú àwọn ọkọ̀ ọdún 1971 ni àwọn ará Jámánì gbé ohun tí ń tu ọ́ìlì náà kúrò lójú ọ̀nà afẹ́fẹ́, wọ́n fún un ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, wọ́n sì mú kí fáànù fẹ̀ sí i. Ó dín ìyà náà kù. Kò mú un kúrò. Ẹni tí ó bá ra ẹ́ńjìnnì àlòkù níláti wò ó bóyá ìkarahun àtijọ́ ni wọ́n dé lé e. Àwọn tí ń mú ẹ́ńjìnnì yìí lágbára sí i fún eré ìje a máa sáré ra kábúrétọ̀ ńlá. Ooru ń pọ̀ sí i, afẹ́fẹ́ kò pọ̀ sí i. Sílíńdà kẹta ni yóò san gbèsè náà. Ẹ má rò pé àwọn ẹ́ńjìnnì olómi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: nínú ọ̀pọ̀ wọn, iwájú ni pọ́ǹpù wà, omi tí ó bá dé ìdí sílíńdà ìkẹyìn sì ti gba ooru lára àwọn yòókù.

Ọ̀nà tí ó gùn tí ó sì tẹ́jú láti Èkó lọ sí Seme kò ran ọ̀ràn yìí lọ́wọ́. Awakọ̀ tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ti há mọ́ Ọ̀jọ́ a máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ọ̀nà bá ti ṣí, pẹ̀lú èrò àti ẹrù. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo ni ó ń yí dáínámò àti fáànù pọ̀. Bí ó bá já, iná pupa dáínámò a tàn lójú awakọ̀. Ọ̀pọ̀ rò pé bátìrì ni, wọ́n á ní àwọn yóò kúkú dé ilé. Kò sí afẹ́fẹ́ kankan mọ́ nígbà náà. Ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Rọ́bà tí ó yí ẹ́ńjìnnì ká náà, tí àwọn kan ń jù nù, òun ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbígbóná ìsàlẹ̀ padà sókè. Ọ́ìlì kò sì ju lítà méjì àti ààbọ̀ lọ nínú ẹ́ńjìnnì yìí, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ń ru ooru. Ìwọ̀nba tí ó bá dínkù kì í ṣe kékeré.

Ní ti àlàfo fáàfù, ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà, 0.15, ni ti àwọn ẹ́ńjìnnì ìgbà ìkẹyìn, a sì níláti yẹ̀ ẹ́ wò ní ìwọ̀n 5,000 kìlómítà. Ẹ́ńjìnnì tí ó sùn mọ́jú ni a ń wọ̀n, kí a tó ṣáná sí i láàárọ̀. Mẹkáníìkì tí ó bá wọ̀n ọ́n ní ọ̀sán, nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wa ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ ní kí ó dúró di ọ̀la, kí ó sì wọn sílíńdà kẹta lẹ́ẹ̀mejì.