Àwọn Obìnrin Ọjà Èkó àti Òfin Owó-Orí

Àwọn àgbàlagbà ibi tí a péjọ sí yìí a máa wí pé ọ̀rọ̀ àwọn tí a ṣí nípò ni orúkọ Ọbaléńdé: ọba ni ó lé wọn dé ibí. Àwọn aláṣẹ ti pinnu kí wọn ó tó gbọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ará ìlú lè gbé yí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ padà.

Láti ọdún 1923 ni Èkó ti ń dìbò yan ènìyàn mẹ́ta sínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ọkùnrin tí owó tí ń wọlé fún un tó £100 lọ́dún ni ó lè dìbò nígbà náà. Obìnrin kò sí níbẹ̀ rárá. Ní ọdún 1932, nígbà tí a gbọ́ pé a ó bu owó-orí fún obìnrin, àwọn obìnrin ọjà lọ bi ìjọba léèrè, a sì fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1940 òfin dé, ó kan obìnrin tí èrè rẹ̀ ju £50 lọ lọ́dún. Àlímọ́tù Pẹ̀léwúrà, olórí ọjà Eréko, kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀nà. Ní oṣù Dìsẹ́ńbà, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tọ Kọmíṣọ́nà Èkó lọ, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ìwé ẹ̀bẹ̀, wọ́n sì yà sọ́dọ̀ Herbert Macaulay, ẹni tí ó mọ èdè tí àwọn aláṣẹ ń gbọ́. Kò pẹ́ tí ìjọba fi sún £50 náà di £200. Aláta mélòó ni ó lè rí £200 lọ́dún láyé ọjọ́ náà?

Ti gàrí kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà ogun, ọ́fíìsì tí Captain Pullen wà nídìí rẹ̀ ni ó ń fi iye lé oúnjẹ. Iye náà kéré sí ohun tí oníṣòwò ná, nítorí náà gàrí sá kúrò lójú ọjà, a ń tà á ní kọ̀rọ̀. Obìnrin kan náà, ẹgbẹ́ kan náà. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ìwé òfin ní ọjọ́ tí a ń kà á ní gbangba, ìwé akọ̀wé kò ní. Ó di ọdún 1945 kí ìdè náà tó tú.