Ìda, Ooru àti Hóró Oògùn



Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé. Ní Ìkàtẹ́ Elégùṣì yìí, láàárín ọ̀sà àti òkun, bí oòrùn ọ̀sán bá mú, òrí inú igbá a yọ́. Bí ó bá rọra dì padà, ó lè di kókó-kókó. Òrí kan náà ni. Bí ó ṣe tutù ni ó yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ mi kò ju èyí lọ.

Àwọn oògùn kan wà tí a kò fẹ́ kí wọ́n tú sínú ara lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nítorí náà ni a fi ń po ìda mọ́ lẹ́búlẹ́bú wọn, kí wọ́n lè máa jáde díẹ̀díẹ̀. Ìda oyin a máa yọ́ ní nǹkan bí 62 sí 65 °C. Ìda carnauba, tí a ń rí lára ewé ọ̀pẹ kan ní Brazil, ní nǹkan bí 82 sí 86 °C. Nínú ìwádìí tí Uhumwangho àti Okor ti Yunifásítì Benin tẹ̀ jáde ní ọdún 2006, ìda yíyọ́ ni wọ́n fi dá ìjáde parasítámọ́ọ̀ dúró díẹ̀.

Bí ooru inú ẹ̀rọ kò bá tó, ìda kò ní kárí. Bí ó bá pọ̀ jù, tàbí tí a ro ó pẹ́ jù, hóró á so pọ̀ di ìṣù. Bí a bá sì sáré mú un tutù, àwọn ọ̀rá bíi glyceryl monostearate lè dì sí ipò tí kò fìdí múlẹ̀, tí yóò máa yí padà lórí àtẹ. Oògùn tí a yẹ̀ wò ní ilé-iṣẹ́ kì í tún ṣe èyí tí aláìsàn gbé mì.

Mo ń ro ẹni tí ikọ́ fée ń dà láàmú, tí ó ń lo theophylline. Ìwọ̀n tí ń woni sàn kò jìnnà sí èyí tí ń fa gìrì. Bí ìda bá já a kulẹ̀, ara rẹ̀ ni yóò san gbèsè náà.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín: ẹ máa kọ bí ìda ṣe tutù sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń kọ bí ó ṣe gbóná. Bí iná mànàmáná bá lọ láàárín iṣẹ́, ẹ má ṣe tún ìda náà yọ́ kí ẹ sì pè é ní ọ̀kan náà. Ẹ fi hóró náà sínú ooru ilẹ̀ wa fún oṣù púpọ̀ kí ẹ tó jẹ́rìí sí i. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.